Orúkọ Tó Há sí Yirleza Lọ́fun

Ọkọ̀ ojú omi ni mo ń kàn. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń gbẹ́ igi di ọkọ̀ fún àwọn apẹja odò wa. Àwọn ará Playa Honda, abúlé wa, máa ń sọ pé Baudilio Riascos kì í sọ̀rọ̀, pé tí èèyàn bá kí i, orí ló fi ń dáni lóhùn. Wọ́n rò pé ìwà mi ni. Kì í ṣe ìwà mi. Akólòlò ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń kólòlò, mo sì ti mọ bí mo ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀ débi pé mo gbà pé ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo bá ti rí i pé ó fẹ́ há, màá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tàbí kí n wúkọ́, tàbí kí n máa fi òòlù lu ìṣó títí ẹni tó bi mí ní nǹkan yóò fi gbàgbé ohun tó bèèrè.

Mo ń sọ èyí ṣáájú nítorí pé ìtàn Yirleza, ọmọ mi, ni mo fẹ́ sọ, kò sì sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ láìfi ẹjọ́ ara mi sùn.

Yirleza ni àbígbẹ̀yìn wa. Nígbà tó wà ní kékeré, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó máa ń bá adìyẹ sọ̀rọ̀, ó máa ń bá akàn inú agbọ̀n sọ̀rọ̀ kí ìyá rẹ̀ tó dà wọ́n sínú omi gbígbóná. Ó tó bí ọmọ ọdún márùn-ún kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Dalia, ìyàwó mi, ní yóò kọjá lọ. Èmi mọ̀ pé ó lè má lọ, ṣùgbọ́n mi ò sọ nǹkan kan.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá tó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Kì í ṣe pé ó ń pe ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹta mọ́. Ọ̀rọ̀ a kàn dúró. Ẹnu rẹ̀ a là sílẹ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ a yọ, ojú rẹ̀ a máa ṣẹ́ lemọ́lemọ́, kò sì ní sí ohùn kankan. Orúkọ ara rẹ̀ ló burú jù. A lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò "omi" tàbí "iyọ̀". Orúkọ ẹni ńkọ́?

Ó wá ọgbọ́n dá sí ìyẹn náà. Lọ́jọ́ kan, a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lókè odò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà léjìká mi. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù fà á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, "Arẹwà, kí lorúkọ ẹ?"

"Ana," ni Yirleza wí, kíá.

Ó wo ojú mi. Mo gbé ojú kúrò. Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀, Lucho ni mo máa ń pe ara mi níwájú àlejò.

Ní ilé ẹ̀kọ́, kò sí bó ṣe lè jẹ́ Ana. Orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ dìde kó sọ orúkọ ara rẹ̀ pé òun wà níbẹ̀. Tíṣà Hermes kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ogójì ọmọ ló wà níwájú rẹ̀. Tí Yirleza bá dìde tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, yóò ní, "Mo ti rí ẹ, jókòó," yóò sì fi bírò sàmì. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Odò ni wọ́n ti wá, gbogbo wọn ló mọ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ń ṣe tó bá kọ̀ tí kò fẹ́ dìde. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leyner ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Yóò na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ fa okùn ẹ́ńjìnnì, yóò fà á, "Vrrr... pùtù. Vrrr... pùtù."

"Tún un fà!" ni àwọn yòókù yóò máa pariwo. "Epo ti tán nínú ẹ̀!"

"Irọ́ ni, ẹ wẹ̀ ẹ́, ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀!"

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Mo gbọ́ ọ fúnra mi, nítorí pé ẹ̀bá ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni àtíbàbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà. Yirleza ló wà níwájú, ó ń yára rìn, ó gbá ìwé mọ́ àyà, àwọn mẹ́fà tàbí méje ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń fa okùn tí kò sí níbẹ̀. Ìfági wà lọ́wọ́ mi. Mo dìde. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo sì dúró síbẹ̀. Mo rò ó pé tí mo bá pariwo mọ́ wọn tí ọ̀rọ̀ wá há mọ́ mi lẹ́nu lójú wọn, kí ni yóò wá kù fún un? Mo padà sídìí igi mi. Yirleza rí mi nígbà tí mo dìde. Ó rí mi náà nígbà tí mo jókòó.

Ìyá mi, Màmá Saturia, ló ní òun mọ oògùn rẹ̀. "Ṣebí mo wo bàbá ẹ sàn?" ló sọ fún Yirleza lójú gbogbo wa. "Ó burú jù ẹ́ lọ. Omi inú agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fún un mu, òun ló ń tú ahọ́n. Lọ wò ó lónìí, ṣé o gbọ́ kó kólòlò rí?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Wọ́n yí ẹnu agogo ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sókè, wọ́n bu omi sínú rẹ̀, mo sì mu ún. Kò wò mí sàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ àyàfi tó bá di dandan. Ìyá mi rí i pé mi ò kólòlò mọ́, ó pa adìyẹ, ó pe àwọn ará àdúgbò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un?

Ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n mú Yirleza lọ síwájú pẹpẹ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ó wọ aṣọ funfun. Alágogo ṣọ́ọ̀ṣì da omi sínú agogo, Màmá Saturia gbé e sí i lẹ́nu. Àwọn èèyàn tó yẹ kí wọ́n ti lọ sílé lọ jẹun dúró, wọ́n ń na ọrùn.

"Ó yá," ni ìyá mi wí, "sọ pé, 'Ẹ ṣé o, Màmá.'"

Yirleza la ẹnu. Ọrùn rẹ̀ le.

"Má kánjú. Mu sí i."

Ó mu sí i. Wọ́n tún ní kó sọ̀rọ̀. Kò jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bu omi sínú agogo náà, omi ń ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ lọ sí àyà aṣọ. Ohùn ọmọdé kan sì wá láti ẹ̀yìn: "Yéè, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbàlagbà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn fi ọwọ́ bo ẹnu ni. Mo wà lórí ìjókòó kejì. Mo wo bàtà mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Yirleza wá bá mi ní àtíbàbà. Ó jókòó sórí pákó.

"Pàpá, ṣ... ṣé lóòótọ́ ni agogo yẹn w... wò yín sàn?"

Ìyá mi ṣì wà láyé nígbà yẹn, ó wà ní ilé ìdáná, ó ń rin àgbọn. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó dìde, ó lọ. Ohun tó ṣe kedere sí i lọ́jọ́ yẹn ni pé agogo ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, òun nìkan ló kọ̀ fún. Ó tó oṣù kan tí kò fi sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" lọ nínú ilé.

Ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń jáde láìdúró ni orin. Tó bá ń kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin, ọ̀rọ̀ kì í há rárá, ohùn rẹ̀ a sì dùn. Ẹnikẹ́ni á rò pé ìyẹn yóò gbà á sílẹ̀. Ó tún dá kún ẹjọ́ rẹ̀ ni. Emérita, aládùúgbò wa, kò fi pamọ́ fún Dalia: "Ẹni tó ń kọrin báyìí ló ní òun ò lè sọ̀rọ̀? Ìmọ̀ọ́mọ̀ ni, jàre. Ọmọ yẹn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ẹ fún un ní ẹgba díẹ̀, ẹ ó rí i." Láti ìgbà yẹn ni Yirleza ti kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Dókítà Ligia dé. Ọ̀dọ́bìnrin láti ìlú ńlá Cali ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni, ìjọba ní kó fi ọdún kan ṣiṣẹ́ ní etí odò wa. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni títọ́jú ẹni tí ọ̀rọ̀ sísọ ń fún ní wàhálà. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń gba ọkọ̀ wá sí Playa Honda. Yirleza kò fẹ́ kí wọ́n rí òun ní ilé ìwòsàn, nítorí náà àtíbàbà mi ni wọ́n ti ń pàdé. Wọn a jókòó sórí ọkọ̀ tí mo dojú rẹ̀ dé, èmi a máa fági níkọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò gbọ́.

Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.

"Mi ò ní purọ́ fún ẹ," ló sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Kì í ṣe ibà tí mo máa fún ẹ ní oògùn tó máa lọ. Ó lè má tán láéláé. Ohun tá a máa ṣe ni pé kó má le tó bẹ́ẹ̀, kó má sì máa bà ẹ́ lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀."

Ó kọ́ ọ pé kó jẹ́ kí èémí kọ́kọ́ jáde díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ní tí ọ̀rọ̀ bá há, kó má fi ipá tì í, kó dúró sínú rẹ̀, kó máa tú u díẹ̀díẹ̀. Ó ní kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kó lọ mọ̀ọ́mọ̀ kólòlò níbẹ̀.

"K... kí n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?" ni Yirleza wí. "Dókítà, ṣé orí yín p... pé báyìí?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ọmọ mi kẹ́yìn.

"Ohun tó ò ń sá fún ló ń lé ẹ," ni Ligia wí. "Dúró kó o wò ó. Kó o sì máa sọ fún wọn ṣáájú: 'Akólòlò ni mí, ẹ ní sùúrù fún mi.' Gbólóhùn kan ni."

Lálẹ́ tí wọ́n bá ti lọ, mo máa ń fẹ́ gbìyànjú èémí náà lẹ́nu ara mi, ojú a sì tì mí, àgbàlagbà bíi tèmi.

Ó gbà wọ́n ní oṣù márùn-ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Yirleza dìde nínú kíláàsì. Nígbà tí Tíṣà Hermes fẹ́ sọ pé kó jókòó, ó gbé ọwọ́ sókè dá a dúró. Ó tu èémí. Ó há, ó dúró sínú rẹ̀, ó sì sọ ọ́: Yirleza Riascos Cuero. Tíṣà dúró, ó gbọ́ ọ dé ìparí. Leyner ti na ọwọ́ sí okùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ó sáré wálé wá sọ fún wa, gbogbo ara rẹ̀ ń làágùn. Ó jẹ àwo méjì ẹja tí ìyá rẹ̀ fi omi àgbọn sè lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ligia kọjú sí mi. Yirleza jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Yirleza, ẹ má bínú. Nǹkan yìí máa ń wà nínú ìdílé. Ṣé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ yín tó ń kólòlò?"

Ìfági dúró lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá dáhùn dáadáa, ọmọ mi kò ní dá wà mọ́. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

"Kò sí," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ tó máa ń rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ nìyẹn.

Mo rò pé Ligia ti fura tẹ́lẹ̀, nínú bí mo ṣe máa ń fi orí kí i. "Ó dáa," ló wí, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ọdún iṣẹ́ Ligia pé, ó sì padà sí Cali. Ó fi ìwé kan sílẹ̀ fún Yirleza tí ó kún fún ohun tó yẹ kó máa ṣe, wọ́n dì mọ́ra létí odò. Wọ́n ní ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wa ọkọ̀ lọ sí ìlú ìsàlẹ̀ odò láti lọ bèèrè ní ọ́fíìsì ìjọba. Mo ti kọ ìbéèrè mi sínú ìwé kí n má baà sọ ọ́. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn fèrèsé kà á, ó ní, "Ẹ padà wá lẹ́yìn ọdún tuntun." Lẹ́ẹ̀kejì ó ní, "Kò tíì sí." Ẹlòmíràn ì bá jà, ì bá ní kí wọ́n pe ọ̀gá wọn. Èmi ká ìwé mi, mo fi í sápò.

Yirleza ń ka ìwé Ligia fún bí oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ó há lẹ́ẹ̀kan ní kíláàsì, ó há lẹ́ẹ̀kejì, ìbẹ̀rù sì padà wálé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó ṣe mọ̀ pé òun ti sọ orúkọ òun rí tún dá kún un.

Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan wà tó ń gba àwọn ọmọ etí odò lọ́fẹ̀ẹ́, ó kọ ìdánwò wọn, ó gbapò kejì nínú gbogbo ọmọ etí odò tó kọ ọ́. Ó ku kó lọ jókòó níwájú wọn kí wọ́n bi í ní ìbéèrè. Òbí gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọmọ. Dalia ń ṣàìsàn, èmi ni mo tẹ̀ lé e.

Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló jókòó nídìí tábìlì. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ìwé Yirleza wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀. Jókòó, ọmọ mi. Esì ìdánwò ẹ dára o. Kí lorúkọ ẹ?"

Mo rí i tó tu èémí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹnu rẹ̀ là, ọrùn rẹ̀ le. Ara mi ló ti mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀.

"Fara balẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. A dúró. "Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?" A tún dúró. Ó fẹ́ fi àwàdà tú wa lára: "Àbí o gbàgbé orúkọ ẹ ni?"

Obìnrin náà gbé omi fún un. Ó yíjú sí mi, Yirleza mi. Kò tíì wò mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti rí mi tí mo padà jókòó ní àtíbàbà.

Mo dìde. Gbólóhùn kan ni mo fẹ́ sọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Ligia tó ìgbà mẹ́wàá: akólòlò ni ọmọ mi, ẹ ní sùúrù fún un. Mo la ẹnu.

Kò jáde. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń tì í pa, gbogbo rẹ̀ ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà. "A... a... a..." Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń fò, ojú mi ń ṣẹ́, mo di tábìlì mú. Èmi àti ọmọ mi, a la ẹnu sílẹ̀ níwájú wọn bí ẹja inú agbọ̀n.

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. "Kí lèyí? Ṣé ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ọ̀gá, ó dà bíi pé..." ni obìnrin náà rọra wí.

Ó wò wá dáadáa, ó sì wá yé e. Kò pariwo mọ́. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ló tún burú jù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ lè ké sí dókítà. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára èèyàn, tí wọ́n ní kó pe dókítà kíá ńkọ́?"

Mo ti ń wá èsì ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, Yirleza jókòó síwájú ọkọ̀, ó kọjú sí mi. A ti kọjá ibi tí odò ti yà kí ó tó pè mí. Mo pa ẹ́ńjìnnì.

"Láti ì... ìgbà wo?"

"L... l... láti kékeré."

"Agogo ń... ńkọ́?"

Mo mi orí pé rárá.

"Dókítà Ligia b... bi yín. Mo wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Mo rò pé èmi n... nìkan ni. Gbogbo ọdún yìí, Pàpá. Mo rò pé n... nǹkan kan bàjẹ́ lára mi."

Kò sunkún. Ó yí ara padà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wo omi. Omi ń gbé ọkọ̀ wa lọ ní ìbú-ìbú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu àwọn gbòǹgbò igi etí odò kí n tó rántí ẹ́ńjìnnì.

Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò gbà á. Mo jẹ́wọ́ fún Dalia lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ń fi omi àgbọn se ẹja lórí iná, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá Yirleza, ogún ọdún ó lé. Ẹ rò pé mi ò mọ̀? Mo ń dúró kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún mi ni." Ó bu iyọ̀ sí i. "Ọmọ yẹn ló yẹ kí ẹ ti sọ ọ́ fún tipẹ́tipẹ́, kì í ṣe èmi o." Ìyá mi kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun wo ọmọ òun sàn.

Yirleza ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó wà ní ìlú Buenaventura, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di ẹja sínú yìnyín. Ó ní ariwo ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó sì bá òun lára mu. Ìyẹn dùn mí ju bí ì bá ṣe ráhùn lọ. Ó máa ń kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Èmi, ó máa ń ní kí wọ́n bá òun kí mi.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, èmi gan-an. Mo gbé fóònù lọ sí àtíbàbà, mo gbé e sétí. Kò ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ, ìdajì rẹ̀ kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, ẹ̀rọ kan ń kùn lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ tó ń dúró, tó tún ń lọ. Ohun tó sọ ni pé òun fẹ́ wá sílé lọ́sẹ̀ Àjíǹde, ó sì bèèrè bóyá màá wà nílé.

Mo tẹ fóònù láti dá a lóhùn. Mo sọ ọ́, mo gbọ́ ara mi, mo pa á rẹ́. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Níkẹyìn, mo kọ ọ́: "Mo wà nílé. Máa bọ̀."

Ó kọ ọ́ padà láàárín ìṣẹ́jú méjì: "Ohùn yín ni mo fẹ́."

Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbé fóònù náà kalẹ̀ sórí pákó tí mo bá parí iṣẹ́ ọ̀sán, tí mo ń tẹ̀ ẹ́, tí mo ń la ẹnu. Mi ò tíì fi ránṣẹ́.